Kẹ̀kẹ́ Fixed Tuntun: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Gbé Ẹsẹ̀ Lé E

Ẹni tó bá já páálí kẹ̀kẹ́ fixed tuntun, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tò pọ̀ ló bá níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n dì. Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré ní firiwíìlì: tí ẹsẹ̀ bá sinmi, táyà ṣì ń yí lọ ní tirẹ̀. Fixed kò mọ ìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí táyà ẹ̀yìn bá ń yí, pẹ́dà ń yí, ẹsẹ̀ yín sì ń bá a yí, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀. Ẹsẹ̀ kan náà tó ń wà á síwájú ló tún ń dá a dúró. Gbogbo ohun tó so pẹ́dà mọ́ táyà ló ń gba agbára síwájú, tó sì ń gbà á sẹ́yìn, láìmọye ìgbà lójúmọ́. Nọ́ọ̀tì tí wọn kò fún dáadáa lè wà lórí kẹ̀kẹ́ onífiriwíìlì fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má tú. Lórí fixed, síwá-sẹ́yìn yẹn ni yóò máa mì ín títí yóò fi bọ́.

Torí náà, ẹ má kọ́kọ́ wo ọ̀dà. Funfun niyì eyín lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín tí à ń sọ níbí, bó ṣe jókòó ló jà jù. Ibi mẹ́ta ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ilé iṣẹ́: họ́ọ̀bù ẹ̀yìn (àárín táyà, níbi tí sípóòkù ti pàdé), ìlà ṣéènì, àti iye eyín tí wọ́n yàn fún yín. Níbẹ̀ la ó ti pẹ́ jù. Àwọn ìyókù kò gba àkókò.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò kò pọ̀: sípánà 15 mm, Allen key 4, 5, 6 àti 8 mm, sípánà oníkọ́ tí wọ́n ń fi yí lọ́kìríǹgì (òrùka irin tó ń di sípúrọ́kẹ́tì ẹ̀yìn mú), irin oníṣéènì tí wọ́n fi ń yí sípúrọ́kẹ́tì ẹ̀yìn (àwo eléyín tí ṣéènì ń yí), rúlà tó ní mm, òwú tó gùn tó mítà 3, gíríìsì, àti ọ̀dà èékánná aláwọ̀ tó hàn. Ọ̀dà èékánná yẹn kì í ṣe àwàdà, ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀ níwájú.

Ìkìlọ̀ kan kí ọwọ́ tó kan nǹkan kan: ẹ má fi ìka tàbí àkísà kan ṣéènì nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá ń yí lófuurufú. Fixed kì í dúró torí pé nǹkan há sí i lẹ́nu. Bí àkísà bá wọ àárín ṣéènì àti sípúrọ́kẹ́tì ńlá, ìwúwo táyà tó ń yí nìkan tó láti fa ọwọ́ wọlé kó sì gé ọmọ ìka. Ẹ dá táyà dúró pátápátá, ẹ nù ún, ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún dá a dúró.

Ti pápá ni àbí ti títì?

Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún pápá eré kẹ̀kẹ́, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe jọ ọ́ fún títì. Ẹni tó fẹ́ gun tirẹ̀ ní Herne Hill, pápá tó ti wà ní gúúsù-ìlà-oòrùn London láti 1891, tí kò jìnnà sí Peckham tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, kò gbọdọ̀ ní bíréèkì lára kẹ̀kẹ́ náà rárá. Bákan náà ni pápá onígi Lee Valley tí wọ́n kọ́ fún Olíńpíìkì 2012. Bíréèkì ló léwu níbẹ̀: ẹni tó bá fún un lójijì láàárín èrò tó ń sáré, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹni tó ń bọ̀ yóò kọlù. Tí ẹ bá sì wà ní Abuja, tó jẹ́ pé pápá tí wọ́n kọ́ fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà 2003 lẹ ń lò, òfin kan náà lẹ ó bá pàdé.

Lójú títì, òdìkejì ni. Ní Bìrìtéènì, òfin 1983 lórí kíkọ́ àti lílo kẹ̀kẹ́ sọ pé kẹ̀kẹ́ tí ìjókòó rẹ̀ ga tó 635 mm gbọ́dọ̀ ní bíréèkì méjì tí ọ̀kan kò gbára lé èkejì. Wọ́n ka ẹsẹ̀ tó ń dá táyà ẹ̀yìn dúró sí ọ̀kan, torí náà bíréèkì iwájú di dandan. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọjà, CPSC, yọ track bike kúrò nínú òfin bíréèkì tirẹ̀, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n pè ní track bike: ti ìdíje, tó ní táyà tubular (èyí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ rímù), tó ní jía kan ṣoṣo, tí kò sì ní firiwíìlì. Èyí tó ní táyà onítíúbù lásán kò sí lábẹ́ àyè yẹn.

Nítorí náà, ẹ dojú kọ orí fọ́ọ̀kì. Ṣé ihò bíréèkì wà níbẹ̀? Tí kò bá sí, tó sì jẹ́ títì lẹ fẹ́ gùn ún sí, ẹ dá a padà. Kò sí ẹ̀rọ tí ẹ ó fi lu fọ́ọ̀kì káábọ̀nù nílé tí ẹ̀mí yín ó balẹ̀. Tí ihò bá wà, ẹ wọn láti àárín ihò náà dé àárín ojú rímù tí rọ́bà bíréèkì ń fọwọ́ kàn. Tó bá wà láàárín 39 àti 49 mm, bíréèkì apá kúkúrú ni. Tó bá jẹ́ 47 sí 57 mm, apá gígùn ni. Yàtọ̀ sí 47 sí 49 mm tí méjèèjì lè dé, ẹ̀ka méjì yìí kò ṣeé fi rọ́pò ara wọn.

Àmì kejì ni gíga ibi tí áàsù pẹ́dà gbà kọjá. Lórí kẹ̀kẹ́ pápá, ó lè rẹlẹ̀ ní 50 sí 60 mm sí àárín táyà. Lórí kẹ̀kẹ́ eré ojú títì, nǹkan bíi 70 mm. Táyà 700×23 ga ní nǹkan bíi 334 mm láti ilẹ̀ dé àárín, nítorí náà ó lè tó 284 mm sí ilẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ pápá, kó jẹ́ 264 mm lórí èkejì. 20 mm yẹn ló ń gba ẹsẹ̀ là. Lórí pápá tó dagun, tí ẹ bá lọ́ra, kẹ̀kẹ́ á nàró nígbà tí ilẹ̀ dagun lọ́tùn-ún, pẹ́dà ọ̀tún ló máa ń gbá igi. Lójú títì, pẹ́dà inú ló ń gbá ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ sí kọ́nà, ẹ kò sì lè dá ẹsẹ̀ dúró kí ó má gbá a. Ìdí nìyẹn tí apá pẹ́dà 165 mm fi wọ́pọ̀ lára wọn. Iye náà máa ń wà ní ẹ̀yìn apá pẹ́dà. Tí ẹ bá rí 170 tàbí 175 lára férémù tí áàsù pẹ́dà rẹ̀ rẹlẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni tó yàn án kò ronú nípa fixed.

Férémù

Ẹ yọ táyà ẹ̀yìn. Ẹ wọn àárín ẹnu férémù méjèèjì níbi tí áàsù ń wọ̀: 120 mm ni ti pápá. Láàárín 119 àti 121 kò burú. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní láti fi ipá fa férémù kí họ́ọ̀bù tó wọlé, tàbí pé àlàfo tó fẹ̀ wà tí nọ́ọ̀tì yóò máa fún pọ̀, wọ́n ti pa họ́ọ̀bù àti férémù tí kì í ṣe ti ara wọn pọ̀.

Ẹnu férémù yẹn gbọ́dọ̀ ṣí sẹ́yìn, kí áàsù lè sún síwá sẹ́yìn láti fa ṣéènì le. Férémù tí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ tààrà kò ní àyè ìfàró. Ó dára fún kẹ̀kẹ́ olójía púpọ̀, kò dára fún èyí.

Fún ìtọ́sọ́nà, ẹ so òwú mọ́ ẹnu férémù lọ́tùn-ún, ẹ fà á lọ yí ọrùn férémù níwájú, ẹ mú un padà sí ẹnu férémù lósì, kó le bí osán gángan. Ẹ wá wọn àlàfo láàárín òwú àti igi ìjókòó (páìpù férémù tí ọ̀pá ìjókòó ń wọ̀) lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 1 mm, ẹ máa lọ. Tó bá kọjá 3 mm, férémù ti tẹ̀, ilé iṣẹ́ ló jẹ yín ní òmíràn.

Ẹ tún wo àyè táyà. Férémù pápá máa ń há mọ́ 23 tàbí 25 mm. Ẹni tó ń gbé ní ibi tí ihò pọ̀ lójú ọ̀nà, 28 mm ni yóò fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní wọlé. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ Allen 4 mm gba àárín táyà àti férémù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tí kò bá kọjá, táyà tó tóbi jù yẹn lọ kò sí nínú ètò.

Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn

Ibí ni kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Họ́ọ̀bù fixed tòótọ́ ní àtẹ̀gùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ṣéènì wà. Àkọ́kọ́, tó sún mọ́ sípóòkù, fẹ̀ tó 34.8 mm, tíréèdì rẹ̀ ń dì sí ọwọ́ ọ̀tún bíi ti gbogbo bọ́ọ̀tì. Lórí rẹ̀ ni sípúrọ́kẹ́tì ń jókòó. Èkejì, lóde, kéré sí i, nǹkan bíi 32.8 mm, tíréèdì rẹ̀ sì jẹ́ òdì: ọwọ́ òsì lẹ ń yí i sí kó tó le. Lọ́kìríǹgì ló wà níbẹ̀. Òdì yẹn ni ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ dá kẹ̀kẹ́ dúró, sípúrọ́kẹ́tì fẹ́ tú sí òsì. Bó ṣe ń tú, ó ń ti lọ́kìríǹgì, ìtì yẹn sì ń mú lọ́kìríǹgì le sí i ni, kì í jẹ́ kó bọ́.

Tí ẹ bá rí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, họ́ọ̀bù firiwíìlì ni. Sípúrọ́kẹ́tì fixed máa wọ̀ ọ́, torí pé ìwọ̀n tíréèdì kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò dì í mú. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ sẹ́yìn gidi, yóò tú wọ́ọ́, pẹ́dà á yí sẹ́yìn lófo, kẹ̀kẹ́ á sì máa lọ. Àwọn kan máa ń fi lọ́kìríǹgì tí wọ́n ń lò fún áàsù pẹ́dà dì í síta. Lọ́kìríǹgì yẹn ń dì sí ọ̀tún, torí náà òun àti sípúrọ́kẹ́tì á jọ tú ni. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ títì ló ní họ́ọ̀bù olójú méjì: fixed lójú kan, firiwíìlì lójú kejì. Ẹ rí i dájú pé ojú tó ní àtẹ̀gùn méjì ni sípúrọ́kẹ́tì fixed wà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé wọ́n á tò ó sí òdìkejì.

Báyìí, kódà tí họ́ọ̀bù bá dára, ẹ tú u kí ẹ sì tún un tò. Ìdí rẹ̀ ni pé irin líle ni sípúrọ́kẹ́tì, alumíníọ̀mù rírọ̀ sì ni họ́ọ̀bù. Tí sípúrọ́kẹ́tì bá ń ṣípò síwá-sẹ́yìn, kódà kó má ju ìdajì mm lọ, irin ni yóò máa jẹ alumíníọ̀mù. Kò ní hàn níta. Ní ọjọ́ kan tíréèdì á kàn wó lulẹ̀ bí ìyẹ̀fun, họ́ọ̀bù náà kò sì ní àtúnṣe mọ́.

Bí ẹ ṣe máa tò ó: ẹ yí lọ́kìríǹgì sí ọ̀tún láti tú u, ẹ yí sípúrọ́kẹ́tì sí òsì. Ẹ fọ tíréèdì gbogbo. Ẹ wo ti họ́ọ̀bù lábẹ́ iná: orí tíréèdì gbọ́dọ̀ mú ṣáṣá, kò gbọdọ̀ rí bí ehín tó jẹ. Ẹ wo sípúrọ́kẹ́tì pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n gé láti ara irin pẹlẹbẹ máa ń tẹ́ bí àwo, tíréèdì rẹ̀ kò ní ju díẹ̀ lọ. Èyí tó dára ní ọrùn tó nípọn tó ń gba tíréèdì púpọ̀ mọ́ra. Tí tiyín bá tẹ́ bí àwo, ẹ rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe owó tabua. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí tíréèdì. Ẹ fọwọ́ yí sípúrọ́kẹ́tì wọlé. Tó bá kọsẹ̀, ẹ má fipá mú un, ó ti wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi irin oníṣéènì yí i le pẹ̀lú gbogbo agbára apá. Ẹ wá dì lọ́kìríǹgì sí òsì, nǹkan bíi 40 Nm. Ìyẹn ni pé tí sípánà oníkọ́ yín bá gùn tó 20 cm, ìwúwo bíi kílò 20 ni ẹ ó fi tì í ní orí rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀dà èékánná fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara sípúrọ́kẹ́tì kọjá sí ara họ́ọ̀bù, ẹ fa òmíràn láti lọ́kìríǹgì sí sípúrọ́kẹ́tì. Ẹ wá gun kẹ̀kẹ́ gòkè fún 200 tàbí 300 mítà, bíréèkì iwájú nìkan ni kí ẹ fi dúró, kí ẹ má tẹ ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ìgòkè yẹn yóò fa sípúrọ́kẹ́tì wọlé ju bí apá yín ṣe lè ṣe lọ. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ tún lọ́kìríǹgì dì. Ó máa ń gba díẹ̀ sí i, ìlà àkọ́kọ́ sì ti ṣípò. Ẹ nù ún, ẹ fa tuntun. Láti ìsinsìnyí lọ, bí ìlà bá tún kúrò lójú ara wọn, kí ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan tó máa ń tan ènìyàn jẹ: lọ́kìríǹgì le dandan, síbẹ̀ sípúrọ́kẹ́tì ń mì. Lọ́kìríǹgì ti gbá ara họ́ọ̀bù kó tó kan sípúrọ́kẹ́tì ni. Sípúrọ́kẹ́tì tó tẹ́rẹ́ jù ló ń fa èyí, ìdí mìíràn nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìlà ṣéènì

Lórí kẹ̀kẹ́ fixed, ṣéènì gbọ́dọ̀ lọ tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn. 42 mm láti àárín férémù ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún iwájú àti ẹ̀yìn. Ojú lásán kò tó láti mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ̀n ọ́n.

Iwájú: ẹ wọn ìbú igi ìjókòó, ẹ pín in sí méjì. Fún igi irin tó jẹ́ 28.6 mm, 14.3 ni. Ẹ wá wọn láti ojú igi náà dé àárín eyín sípúrọ́kẹ́tì ńlá. Tó bá jẹ́ 27.7 mm, ẹ ti rí 42. Alumíníọ̀mù máa ń sanra ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìwọ̀n tiyín ni kí ẹ lò. Ẹ̀yìn: ẹ wọn láti ojú inú ẹnu férémù dé àárín eyín kékeré. 120 pín sí méjì jẹ́ 60. Tí àlàfo bá jẹ́ 18, ó ṣẹ́ 42.

Bí ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn kò bá ju 1 mm lọ, ó ti dára. Ní 2 mm, ẹ ó máa gbọ́ ariwo tó ń lọ ṣọ́ṣọ́. Tó bá kọjá ìyẹn, ṣéènì lè gun orí eyín kó sì bọ́, tí ṣéènì fixed bá sì bọ́ lórí eré, ẹ pàdánù ìdúró, ó sì lè há sáàárín sípóòkù kó ti táyà ẹ̀yìn pa lójijì. Áàsù pẹ́dà ni kí ẹ pààrọ̀: wọ́n ń ta 103, 107, 110, 113 mm àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí gígùn bá sì yí padà ní 4 mm, sípúrọ́kẹ́tì ńlá á sún ní 2 mm. Ẹ má fi ìwàṣà sẹ́yìn sípúrọ́kẹ́tì kékeré láti tì í síta. Tíréèdì tí ìwàṣà náà jẹ ni ẹ ó nílò nígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró.

Ẹ ṣàyẹ̀wò ìbú ṣéènì pẹ̀lú. Ìbú inú ti pápá ni 1/8 ínṣì, ti kẹ̀kẹ́ olójía púpọ̀ ni 3/32. Ṣéènì 1/8 lè gun eyín 3/32. Ṣéènì 3/32 kò lè wọ eyín 1/8. Tí ìdè ṣéènì bá jẹ́ ti kílíìpù, etí rẹ̀ tó dí ni kó dojú kọ ibi tí ṣéènì ń lọ.

Ìfàró rẹ̀: ẹ fa táyà sẹ́yìn títí ṣéènì fi le díẹ̀, ẹ di nọ́ọ̀tì ọ̀tún. Ẹ wá ti táyà sí àárín férémù, ẹ di ti òsì. Nọ́ọ̀tì áàsù ẹ̀yìn ń fẹ́ 30 sí 40 Nm, ìwúwo bíi kílò 15 sí 20 lórí sípánà 20 cm. Tó bá rọ̀, ẹsẹ̀ yín á fa ọ̀tún áàsù síwájú, táyà á tẹ̀, á sì máa ha férémù lósì. Ẹ ó kọ́kọ́ rò pé rímù ló wọ́. Ẹ yí apá pẹ́dà díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ìka gbé àárín ṣéènì ní gbogbo ibi tó bá dúró. Níbi tó le jù, kó máa lọ sókè sódò ní 10 sí 12 mm. Kò gbọdọ̀ le bí okùn aṣọ. Ṣéènì tó le jù ń jẹ bẹ́rìn họ́ọ̀bù àti ti áàsù pẹ́dà. Tó bá le níbì kan, tó sì rọ̀ gan-an níbòmíràn, sípúrọ́kẹ́tì ńlá kò jókòó ní àárín. Ẹ tú bọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi igi gbá a fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ níbi tó le, ẹ tún dì.

Iye eyín

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ilé iṣẹ́ ló ń dé pẹ̀lú 48 níwájú àti 16 lẹ́yìn. Fún pápá, kò burú: 48/16 sí 48/15 dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Fún títì, èrò wa ni pé yíyàn àìronú ni, ìdí méjì ló sì fà á.

Àkọ́kọ́, ó wúwo. Táyà 700×23 ń rìn bíi mítà 2.1 ní ìyípo kan. 48/16 jẹ́ 3, nítorí náà ìyípo pẹ́dà kan gbé yín lọ mítà 6.3. Tí ẹ bá ń yí i ní ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú kan, kìlómítà 34 ní wákàtí lẹ ń sá. Ó dùn lórí títẹ́jú. Kí ẹ wá gbé e lọ sí Òkè Mápó n'Íbàdàn, ẹ ó mọ̀ pé orúnkún kì í ṣe irin. 46/17 ń gbé yín lọ mítà 5.7, ìyẹn kìlómítà 31 ní wákàtí ní ìyípo kan náà, ó sì rọrùn láti gùn lókè àti láti dá dúró.

Èkejì ni táyà ẹ̀yìn. Nígbà tí a bá ti ẹsẹ̀ di pẹ́dà kí táyà lè wọ́ lójú títì, ipò kan náà lẹsẹ̀ máa ń wà nígbà gbogbo. Ní 48/16, ìyípo pẹ́dà kan jẹ́ ìyípo táyà mẹ́ta géérégé, nítorí náà ojú kan ṣoṣo lára táyà ló ń kan ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ́ ọ. Ojú yẹn á fá tán nígbà tí ìyókù ṣì tuntun. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀: ẹ kọ eyín iwájú lé eyín ẹ̀yìn, ẹ dín in kù títí kò fi ṣeé dín mọ́, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni iye ojú tí táyà yóò máa fi wọ́. 48/16 di 3/1: ojú kan. 44/16 di 11/4: ojú mẹ́rin. 46/16 di 23/8: mẹ́jọ. 46/17 kò ṣeé dín: mẹ́tàdínlógún. 47/16: mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, ẹni tó bá fi 47 rọ́pò 48 kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan lẹ́sẹ̀, àmọ́ táyà rẹ̀ á pẹ́. Tí ẹ bá yí eyín kan padà, áàsù yóò sún ní nǹkan bíi 3 mm nínú ẹnu férémù. Ẹ wò ó bóyá àyè wà kí ẹ tó rà á.

Àwọn ìyókù

Táyà méjèèjì: ẹ yí wọn, ẹ fi ìka kan dúró sẹ́bàá rímù. Tí rímù bá ń sún ju ìdajì mm lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́ àtúnṣe. Ẹ fi èékánná ta sípóòkù ẹ̀gbẹ́ kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta okùn gìtá. Ohùn wọn gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn. Èyí tó bá dún gbọ̀ngbọ̀n láàárín àwọn tó ń dún ṣín-ín ti rọ̀. Tí rímù ẹ̀yìn bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan férémù, ẹ yọ táyà, ẹ yí i kọjú sódì, ẹ dá a padà. Tó bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì, táyà ló ní àìsàn, ẹni tó ń wé sípóòkù á ṣe é. Tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, férémù ni.

Bẹ́rìn họ́ọ̀bù: ẹ fi ìka yí áàsù láìsí táyà lórí férémù. Tó bá ń lọ gọ́gọ́gọ́ bí ẹni ń lọ iyanrìn, wọ́n fún un le jù, tàbí kò sí gíríìsì nínú rẹ̀.

Apá pẹ́dà: bọ́ọ̀tì rẹ̀ ń fẹ́ bíi 40 Nm. Èyí ni ẹ kò gbọdọ̀ fi falẹ̀, torí pé ihò onígun mẹ́rin inú apá alumíníọ̀mù máa ń gbòòrò ní ọjọ́ kan ṣoṣo tó bá mì lórí áàsù irin, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Pẹ́dà òsì ní tíréèdì òdì. Gíríìsì fún méjèèjì. Ihò áàsù pẹ́dà lára férémù pẹ̀lú ń fẹ́ gíríìsì, àwọn ilé iṣẹ́ máa ń gbàgbé rẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn náà kò ní ṣeé tú mọ́.

Ọrùn fọ́ọ̀kì: ẹ gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè ní 5 cm, ẹ jẹ́ kó ṣubú sílẹ̀. Tó bá dún kò, ó rọ̀. Ọ̀pá ìjókòó gbọ́dọ̀ wọlé kọjá ìlà tí wọ́n fà sí i lára.

Okùn ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà: dandan ni. Ẹsẹ̀ tó bá yọ lórí eré ti mú bíréèkì ẹ̀yìn lọ, pẹ́dà tó ń yí kíkankíkan á sì máa gbá yín ní ojúgun. Okùn rọ́bà tí wọ́n fi sínú páálí máa ń nà. Ti awọ tàbí aṣọ híhun ló dára.

Gígùn àkọ́kọ́

Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí mọ́tò kò sí. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ jókòó lórí rẹ̀, ẹ gbé pẹ́dà kan síwájú kó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, ẹ yí hándù. Bí ìka ẹsẹ̀ yín bá gbá táyà iwájú, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìsinsìnyí, torí pé ẹ kò ní lè dá ẹsẹ̀ dúró nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà jẹ́jẹ́. Lórí férémù pápá kì í ṣe àbùkù, àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ á ṣubú ní ibi tí kò yẹ. Ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbooro, ẹ ká a.

Ẹ di bíréèkì iwájú mú, ẹ dúró lórí pẹ́dà, ẹ fi ẹsẹ̀ tì í síwájú, ẹ tì í sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ kò ní lọ. Ẹ tẹ́tí. Bó bá dún kọ́, ẹ wo ìlà ọ̀dà èékánná. Tí ìlà kò bá ṣípò, ẹ wo apá pẹ́dà. Ọ̀kan nínú wọn ló ń mì. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún jẹ́jẹ́ fún kìlómítà 2 tàbí 3, ẹ máa fi ẹsẹ̀ dín eré kù díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ìdúró òjijì.

Lẹ́yìn kìlómítà 50, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì fọwọ́ kàn: áàsù, apá pẹ́dà, sípúrọ́kẹ́tì ńlá, lọ́kìríǹgì, hándù. Ṣéènì tuntun ti nà díẹ̀ nígbà yẹn, ìfàró rẹ̀ ti rọ̀. Tí họ́ọ̀bù bá ní àtẹ̀gùn kan, tí férémù bá tẹ̀, tàbí tí ihò kò bá sí lára fọ́ọ̀kì títì, kẹ̀kẹ́ padà sínú páálí rẹ̀ kó tó rin kìlómítà kan. Ìyókù, gíríìsì àti sípánà lè yanjú ẹ̀.